Fà, Wọ́, Dà, Kó: Bí Ẹ Ṣe Lè Mú Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì Tó Yẹ fún Ẹrù Fífà àti Ẹran Kíkó Jọ

Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń múra WAEC, awakọ̀ tó fẹ́ kọ lẹ́tà sí ọ̀gá rẹ̀, òbí tó ń bá ọmọ ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá, ìbéèrè kan náà ni gbogbo wọn ń bi mí ní Àkúrẹ́ níbí: "Tíṣà, ṣé drag àti haul kì í ṣe ọ̀kan náà ni? Tow ńkọ́? Kí ló dé tí wọ́n fa igi lé pull tí mo kọ?" Bí a bá yanjú ìyẹn tán, ti ẹran á tún dé: herd, drive, round up, flock. Mo kó ìdáhùn gbogbo rẹ̀ síbí, kẹ́ ẹ lè máa yẹ̀ ẹ́ wò nígbà tẹ́ ẹ bá fẹ́.

Ohun tó ń kó ọ̀pọ̀ èèyàn sí yọ́ọ́yọ́ọ́ ni pé wọ́n ti gbé "fà" sẹ́gbẹ̀ẹ́ pull látìgbà tí wọ́n ti wà ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, wọn ò sì kúrò níbẹ̀ mọ́. Ẹ wo bí àwa fúnra wa ṣe ń sọ ọ́. A kì í sábà sọ pé "ó fà á" ká sì dákẹ́. À ń to ọ̀rọ̀-ìṣe tẹ̀ léra ni: ó fà á yọ, ó fà á gòkè, ó wọ́ ọ lọ, ó so ó mọ́ ọkọ̀ ó sì fà á. Gẹ̀ẹ́sì a máa ká méjì tàbí mẹ́ta yẹn sínú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Nítorí náà, ọ̀rọ̀-ìṣe kejì nínú gbólóhùn Yorùbá yín ni kẹ́ ẹ tẹ́tí sí. Òun ló máa darí yín.

Ohun tẹ́ ẹ nílò

- Bébà àti bírò.
- Díkíṣọ́nárì tí wọ́n ṣe fún akẹ́kọ̀ọ́, èyí tó ń fi gbólóhùn àpẹẹrẹ hàn. Ti orí fóònù dára bákan náà.
- Odidi gbólóhùn tẹ́ ẹ fẹ́ sọ. Ẹ má mú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo wá.

## APÁ KÌÍNÍ: ẸRÙ FÍFÀ

1. Ẹ kọ ọ́ ní Yorùbá, ẹ má gé nǹkan kan kù.

"Ó fa àpò ìrẹsì" kò tó. Ṣé ó wọ́ ọ nílẹ̀ tuurutu dé ẹnu ọ̀nà ni? Ṣé ó fà á já bọ́ láti orí ọkọ̀ ni? Àbí ó fi okùn fà á gòkè lọ sí òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì? Àpò kan náà ni, ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì mẹ́ta ni: dragged, pulled down, hauled up.

2. Ẹ béèrè bóyá ẹrù náà ń gbo ilẹ̀.

Bó bá ń gbo ilẹ̀, drag ni. "She dragged the sack to the door." Ibi tí Yorùbá ti máa sọ "wọ́" pẹ̀lú "tuurutu", drag ló sábà máa ń bá a mu. Ó tún wà fún ẹni tí kò fẹ́ lọ: ọmọ tí wọ́n ń wọ́ lọ sílé ìwé, "They dragged him to school." Àwọn ọ̀dọ́ ìwòyí náà ń sọ pé wọ́n "drag" ẹnì kan lórí X, ìyẹn Twitter tẹ́lẹ̀. Àwa náà kúkú ń sọ pé wọ́n wọ́ ọ nílẹ̀, torí náà ìtumọ̀ yẹn kò ṣàjèjì sí wa.

Bí nǹkan náà bá fúyẹ́, tó kàn ń tẹ̀ lé èèyàn nílẹ̀ lẹ́yìn bí etí ìró tí wọn ò ró dáadáa, trail ni. "Her wrapper trailed on the floor." Ara ọ̀rọ̀ yìí ni trailer ti wá, ọkọ̀ tí òmíràn ń fà lẹ́yìn.

Ìkìlọ̀: dragged ni ti àná, g méjì. Ẹ má kọ "drug". Oògùn nìyẹn.

3. Ẹ béèrè bóyá wọ́n so ó mọ́ ẹ̀yìn nǹkan mìíràn.

Okùn, ṣéènì tàbí irin ló wà láàárín wọn, èyí tó wà níwájú ń lọ, ti ẹ̀yìn ń tẹ̀ lé e: tow nìyẹn. Ọkọ̀ tó kọṣẹ́ lójú ọ̀nà Oǹdó, tí wọ́n so mọ́ Hilux, "The car was towed to Akure." Ọkọ̀ ojú omi náà ń tow òmíràn. Okùn náà ń jẹ́ tow rope, irin náà tow bar, ọkọ̀ tó ń ṣe iṣẹ́ yẹn tow truck. "Towing van" tí à ń pè é ní ìgboro kò burú lẹ́nu, ṣùgbọ́n tow truck ni kẹ́ ẹ kọ nínú ìdánwò.

Bí wọ́n bá gbé ọkọ̀ náà sórí ọkọ̀ gbẹgẹdẹ, tí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kúrò nílẹ̀, àwọn èèyàn ṣì ń pè é ní tow. Kò sẹ́ni tó máa bá yín jà sí i.

4. Ẹ béèrè bóyá ó wúwo, tó sì gba agbára tàbí ọ̀nà jíjìn.

Haul nìyí, ibí sì ni ọ̀pọ̀ ti ń kọsẹ̀, torí ó ní ojú méjì.

Ojú kìíní ni fífa nǹkan wúwo pẹ̀lú agbára, díẹ̀díẹ̀, láìdáwọ́ dúró. Àwọn apẹja ní Ìgbókòdá a máa fa àwọ̀n wọn wọnú ọkọ̀: "They hauled in the net." Ẹja tó wà nínú àwọ̀n náà ń jẹ́ haul, "a good haul of fish".

Ojú kejì ni kíkó ẹrù lọ sí ọ̀nà jíjìn pẹ̀lú ọkọ̀ ńlá. Níbí, ọkọ̀ kò fa nǹkan kan nílẹ̀ rárá, ẹ̀yìn rẹ̀ ló kó o sí. "The lorry hauls cocoa to Lagos." Òwò yẹn ni haulage. Ẹni tó ń ṣe é ni haulier ní Gẹ̀ẹ́sì ti ìlú ọba, àwọn ará Amẹ́ríkà ń pè é ní hauler. Awakọ̀ tó fẹ́ kọ ìwé ìbẹ̀rẹ̀-iṣẹ́, haulage ni kí ó kọ, kó má kọ "carrying of load".

5. Ẹ béèrè bóyá ìfà ẹ̀ẹ̀kan ni.

Bí ọmọ kékeré bá fa aṣọ ìyá rẹ̀ fìn-ìn kí ìyá lè bojú wẹ̀yìn, tug ni, ó sì sábà máa ń mú at: "He tugged at her dress." Bó bá jẹ́ pé ó já a pàù lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, yank ni. Ọ̀rọ̀ ẹnu ni yank, ẹ má kọ ọ́ sínú lẹ́tà sí gómìnà. Jerk súnmọ́ ọn, ṣùgbọ́n jerk ní ìjágìrì nínú, bí ọkọ̀ ṣe ń ṣe nígbà tí ẹni tó ń kọ́ ọkọ̀ bá tẹ kílọ́ọ̀ṣì lódì.

Tug tún lè gùn: tug-of-war ni eré fa-okùn-fà-á tí wọ́n ń ṣe nílé ìwé níbi ìdíje eré ìdárayá. Tugboat ni ọkọ̀ kékeré alágbára tó ń fa ọkọ̀ òkun ńlá wọ èbúté.

6. Ẹ béèrè bóyá òkè ló ń lọ.

- Hoist: fífi okùn tàbí ẹ̀rọ fà á gòkè. Àsíá ilé ìwé lówùúrọ̀, "They hoisted the flag."
- Heave: fífi gbogbo ara gbé e tàbí jù ú lẹ́ẹ̀kan. Alábàárù tó gbé àpò gàrí sọ sórí ọkọ̀, "He heaved the sack onto the lorry." Àwọn oníwèé ìròyìn fẹ́ràn "heave a sigh of relief", ìyẹn ni kéèyàn mí kanlẹ̀ nígbà tí wàhálà tán.

7. Ẹ béèrè bóyá èèyàn ló ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ jìyà ẹrù náà.

Lug nìyẹn. Ìnira wà nínú rẹ̀: "I lugged two bags from the park to Ijapo." Kò pọn dandan kó gbo ilẹ̀, ó lè wà lọ́wọ́ tàbí lórí. Ara rẹ̀ ni luggage ti jáde. Luggage kì í gba s, kò sí "luggages". Ẹ sọ pé "two pieces of luggage", tàbí kẹ́ ẹ yáa pè é ní bags kẹ́ ẹ sinmi.

8. Bí kò bá bọ́ sí ìkankan, ẹ wo draw kẹ́ ẹ tó padà sórí pull.

Draw ni fún omi kànga: "She drew water from the well." Ẹni tó bá kọ "pulled water" ni wọ́n máa fa igi lé. Fetch ni lílọ pọn omi wá sílé. Draw ni fífà á jáde gan-an. Draw tún wà fún ẹranko tó ń fa nǹkan: "a cart drawn by a donkey", "an ox-drawn plough". Lọ́dọ̀ wa níbí, a kì í fi màlúù ro oko, ṣùgbọ́n lókè Ọya wọ́n ń ṣe é dáadáa, ó sì máa ń wọnú àyọkà ìdánwò. Ẹran tí wọ́n ń lò fún irú iṣẹ́ yìí ni draught animal, tí a ń pe draught bíi draft.

Pull ló kù. Kò sẹ́ni tó ní kẹ́ ẹ sọ ọ́ nù. Ó wúlò nígbà tí ọ̀nà tí wọ́n gbà fà á kò bá ṣe pàtàkì.

### Ẹ tẹ̀ lé ìtì igi kan

Bí ìgbésẹ̀ wọ̀nyí bá dojú rú mọ́ yín lọ́wọ́, ẹ fọkàn tẹ̀ lé ìtì igi kan láti inú igbó Oǹdó títí dé ilé ìlagi. Gbogbo ẹni tó bá ti rìn lójú ọ̀nà Ọ̀rẹ̀ ti rí agbégilódò.

1. Wọ́n gé igi náà lulẹ̀. Katakata so ó, ó ń wọ́ ọ jáde láti inú igbó, ilẹ̀ ń hó gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀ lábẹ́ rẹ̀. The tractor drags the log out.
2. Ó dé etí títì. Wọ́n fi ẹ̀rọ àti wáyà fà á sókè sórí ọkọ̀. They hoist it onto the lorry. Bó bá jẹ́ ọwọ́ àti ejìká ni wọ́n fi ti àwọn kéékèèké sókè, they heave them up.
3. Mọ́tò bọ́ sọ́nà, ó di Àkúrẹ́. The lorry hauls the logs to Akure. Ẹ ṣàkíyèsí pé drag kò lè wọlé síbí mọ́, igi ò gbo ilẹ̀ mọ́.
4. Mọ́tò kọṣẹ́ lórí òkè. Òmíràn wá, wọ́n fi ṣéènì so wọ́n pọ̀. It is towed to the mechanic.
5. Nílé ìlagi, ọmọṣẹ́ kan ń gbé pákó kan pákó kan lọ sábẹ́ òrùlé, òógùn ń ro. He lugs the planks inside.
6. Èyí tó há sábẹ́ òkìtì, ó já a yọ lójijì. He yanks it free.

Bẹ́ ẹ bá lè sọ ìtàn igi yìí láìwobẹ̀, ìdajì iṣẹ́ ti tán.

### Àṣìṣe tí mo ń rí lójoojúmọ́

"Tow the line." Èyí ló burú jù, ó sì kún inú ìwé ìròyìn. Toe the line ni, ìka ẹsẹ̀. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni kéèyàn ṣe bí òfin tàbí àṣẹ ṣe wí. Kò sí okùn kankan tí ẹnikẹ́ni ń fà níbẹ̀.

Overhaul. Kò ní í ṣe pẹ̀lú fífà mọ́. Kí mẹkáníìkì tú ẹ́ńjìnnì palẹ̀, kó tún un ṣe látòkè délẹ̀, òun ni overhaul.

"Dragged to court." Ìwé ìròyìn ń sọ ọ́, àwa náà ń sọ pé ó wọ́ ọ lọ sílé ẹjọ́. Kò burú nínú ìtàn. Ṣùgbọ́n nínú lẹ́tà tó ní ọ̀wọ̀, ẹ kọ "sued" tàbí "took to court".

"Carted away." Cart ni kéèyàn kó ẹrù lọ pẹ̀lú ọkọ̀ tàbí ọmọlanke, ẹrù tó pọ̀ tàbí tó tóbi. Ẹ wá kà á nínú ìròyìn pé adigunjalè "carted away two phones". Fóònù méjì! Ọmọlanke wo ló kó o? "Made off with" ló dára jù níbẹ̀.

Bárò àti ọmọlanke. Bárò, títì ni wọ́n ń tì í, nítorí náà push tàbí wheel: "He wheeled the yams to Oja Oba." Ọmọlanke ṣeé tì, ó ṣeé fà. Ẹ wo ibi tí ẹni náà dúró sí kẹ́ ẹ tó kọ ọ́.

"Pull over." Bí òṣìṣẹ́ ojú pópó bá sọ èyí fún yín, ẹ yà sí ẹ̀bá ọ̀nà kẹ́ ẹ dúró ni. Pull up ni kí ọkọ̀ rọra dúró. Kò sí ohun tẹ́ ẹ máa fà.

## ỌKỌ̀ ÀTI ẸRAN PÀDÉ: IMPOUND

Ọ̀rọ̀ yìí wọ apá méjèèjì, mo sì fi í sáàárín nítorí wọ́n máa ń béèrè rẹ̀ gan-an. Bí aláṣẹ bá mú ọkọ̀ tó dúró síbi tí kò yẹ, wọ́n á tow ọkọ̀ náà lọ, wọ́n á sì impound rẹ̀, ìyẹn ni pé wọ́n tì í mọ́lé títí ẹni tó ni ín á fi san owó ìtanràn. Bí Amọ̀tẹ́kùn bá kó màlúù tó wọ oko olóko, impounded náà ni ìwé ìròyìn máa kọ. Tow ni gbígbé e lọ, impound ni fífi í pa mọ́. Ẹ má fi ọ̀kan rọ́pò èkejì.

## APÁ KEJÌ: ẸRAN KÍKÓ JỌ

Níbí, Yorùbá ràn yín lọ́wọ́ ju bẹ́ ẹ ṣe rò lọ, torí a kì í ṣe àṣìṣe láàárín "mú" àti "kó". Ewúrẹ́ kan, a mú un wá; ewúrẹ́ púpọ̀, a kó wọn wá. Èyí tó pọ̀ jù nínú ọ̀rọ̀ tó wà nísàlẹ̀ yìí, ti "kó" ni wọ́n. Bó bá jẹ́ ẹran kan ṣoṣo, catch, lead tàbí bring ni kẹ́ ẹ wá lọ.

1. Ṣé wọ́n ti tú káàkiri?

Òjò ṣú, àwọn ewúrẹ́ wà lẹ́yìn ilé ẹlòmíràn, méjì wà lórí ààtàn, ọ̀kan ń jẹ èlùbọ́ tí wọ́n sá. Ẹ ń wá wọn kiri, ẹ ń kó wọn jọ. Round up nìyẹn. "We rounded up the goats before the rain." Ọlọ́pàá náà ń round up àwọn afurasí, ìtumọ̀ rẹ̀ kò yàtọ̀: wọ́n wá wọn kiri, wọ́n kó wọn jọ.

Ẹran tó ṣáko lọ ni stray. Ó lè jẹ́ ọ̀rọ̀-ìṣe, ó sì lè jẹ́ orúkọ: "The goat strayed", "a stray goat".

Ìkìlọ̀: nínú àpérò, a máa ń sọ pé "let me round up" nígbà tí a bá fẹ́ parí ọ̀rọ̀. Ó ti mọ́ wa lára ní Nàìjíríà, ṣùgbọ́n round off ni kẹ́ ẹ kọ nínú ìdánwò.

2. Ṣé wọ́n ti wà pa pọ̀, tẹ́ ẹ sì ń dà wọ́n lọ?

Herd àti drive ló wà fún "dà". Ìyàtọ̀ wọn kò fẹ̀. Herd ń sọ nípa kí wọ́n máa rìn pọ̀ láìtúká, ẹni tó ń dà wọ́n ń ṣọ́ ẹ̀gbẹ́ àti ẹ̀yìn. Drive ń sọ nípa kí wọ́n máa lọ síwájú, yálà wọ́n fẹ́ tàbí wọn ò fẹ́. "He herded the cows along the road." "She drove the goats out of the shop." Èyí kejì, Yorùbá máa ní "lé" dípò "dà". Bí "lé" bá wà nínú gbólóhùn yín, drive ni kẹ́ ẹ mú, drive them out tàbí drive them away.

Èèyàn ṣeé herd náà, ṣùgbọ́n kò ní ọ̀wọ̀ nínú: "The passengers were herded into one bus." Bí ẹran ni wọ́n ṣe ṣe wọ́n. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ sọ ọ́ pẹ̀lẹ́, shepherd ni, bí tíṣà ṣe ń fi sùúrù darí àwọn ọmọ sọdá títì.

3. Níbo lẹ kó wọn sí?

- Sínú ọgbà tàbí ilé ẹran: pen. "Pen the sheep at night."
- Corral: ọ̀rọ̀ àwọn ará Amẹ́ríkà fún ohun kan náà, pàápàá fún ẹṣin àti màlúù. Ẹ mọ̀ ọ́n nígbà tẹ́ ẹ bá rí i, kò pọn dandan kẹ́ ẹ lò ó.
- Síbi èèkàn, pẹ̀lú okùn lọ́rùn: tether. Èyí tí à ń pè ní "so mọ́lẹ̀". "Tether the ram" ni ti àgbò ọdún Iléyá. Tie náà dára.
- Síbi koríko: graze. "The cattle are grazing." Jíjẹ koríko ni graze gan-an, kì í ṣe dídà wọ́n lọ.

4. Ṣé àwọn fúnra wọn ló wá?

Flock nìyẹn. Kò sẹ́ni tó dà wọ́n. Ẹyẹ ń flock, èèyàn ń flock: "People flocked to the market." Yorùbá á ní èrò rọ́ lọ, èrò ya lọ. Ẹ má kọ "he flocked his sheep". Wọn kì í flock ẹnikẹ́ni.

5. Muster ńkọ́?

Ní Ọsirélíà, òun ni kíkó màlúù tàbí àgùntàn jọ láti pápá tó fẹ̀. Níbòmíràn, ti ọmọ ogun ni. Èyí tẹ́ ẹ máa bá pàdé jù ni "muster courage", kéèyàn kó ọkàn jọ. Ẹ mọ ìyẹn, ó tó.

### Orúkọ agbo

Èyí kò ní ọgbọ́n nínú, ẹ há a sórí ni:

- a herd of cattle, a herd of elephants
- a flock of sheep, a flock of birds
- a brood of chicks: àwọn òròmọdìẹ tí ìyá kan pa
- a litter of puppies: ọmọ ajá tí wọ́n bí lẹ́ẹ̀kan náà
- a pack of dogs, a pack of wolves
- a swarm of bees
- a shoal of fish, tàbí a school of fish
- a pride of lions
- a team of oxen: àwọn tó ń fa nǹkan pọ̀. Bó bá jẹ́ méjì lábẹ́ àjàgà kan, a yoke of oxen.

Ewúrẹ́ ń dá àríyànjiyàn sílẹ̀. Herd of goats àti flock of goats, méjèèjì ló tọ̀nà.

### Gírámà tó ń gba máàkì lọ́wọ́ ọmọ

- Cattle ti jẹ́ púpọ̀ tẹ́lẹ̀. "The cattle are." Kò sí "cattles", kò sì sí "a cattle". Ọ̀kan ni a cow, tàbí a bull bó bá jẹ́ akọ.
- Bẹ́ ẹ bá fẹ́ ka iye wọn: twenty head of cattle. Head kì í gba s níbẹ̀.
- Sheep kì í yí padà: one sheep, ten sheep.
- Livestock kì í gba s.

### Ìṣọ́ra: herder kì í ṣe rustler

Níbí ni mo ti fẹ́ kẹ́ ẹ dúró díẹ̀. Darandaran ni herder tàbí herdsman; iṣẹ́ ọwọ́ ni. Ẹni tó jí màlúù ni rustler, ìwà náà sì ni cattle rustling. Mo ti rí àròkọ tí ọmọ ti kọ rustlers níbi tó ti fẹ́ sọ darandaran, ó sì fi bẹ́ẹ̀ pe ẹni tí kò ṣẹ̀ ní olè. Nínú ọ̀rọ̀ tó gbóná ní ìpínlẹ̀ wa, ẹ má ṣe àṣìṣe yẹn. Láti ọdún 2021, nígbà tí Gómìnà Rótìmí Akérédolú fọwọ́ sí òfin rẹ̀, ni open grazing ti di èèwọ̀ ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó. Dída ẹran jẹ̀ káàkiri ní gbangba ni open grazing. Òdìkejì rẹ̀ ni ranching, kí ẹran wà nínú ọgbà tí wọ́n ti ń bọ́ ọ. Bí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ kọ àròkọ lórí ọ̀rọ̀ yìí, ọ̀rọ̀ mẹ́rin náà, herder, rustler, grazing, ranching, ẹ rí i pé ẹ mọ ẹni tó ni èwo.

## FÚN ÌDÁNWÒ

Nínú apá ohùn ti WAEC, wọ́n máa ń fún yín ní ọ̀rọ̀ kan kẹ́ ẹ mú èyí tó dún bákan náà. Àwọn tó tan mọ́ iṣẹ́ wa nìyí, ẹ pè wọ́n jáde lẹ́nu:

- tow, toe
- towed, toad
- haul, hall
- herd, heard
- draught, draft
- yoke, yolk: ti kejì ni pupa ẹyin, l rẹ̀ kì í dún
- rein, rain, reign: ti àkọ́kọ́ ni okùn ìjánu ẹṣin

Ní ti JAMB, wọ́n máa fa ìlà sábẹ́ ọ̀rọ̀ kan, wọ́n á ní kẹ́ ẹ mú èyí tó súnmọ́ ọn jù. Ẹ ka gbogbo gbólóhùn náà. Ohun tí wọ́n ń fà, ibi tó ń lọ, bóyá ó gbo ilẹ̀: ọ̀kan nínú mẹ́ta yìí máa ń wà níbẹ̀ láti tú àṣírí ìdáhùn. Bẹ́ ẹ bá di ọwọ́ mú láàárín drag àti haul, ẹ wá táyà tàbí ọkọ̀ nínú gbólóhùn náà. Bó bá wà, tí ẹrù náà kò sì gbo ilẹ̀, haul ni.

## Ẹ DÁN AN WÒ

Ẹ fi ọwọ́ bo ìdáhùn.

1. Wọ́n fi ṣéènì so ọkọ̀ wa mọ́ tẹ́ńpò kan, wọ́n sì fà á dé Ìlú Oǹdó.
2. Ọmọ náà fa ọwọ́ aṣọ mi kí n lè wò ó.
3. A kó gbogbo àgùntàn tó tú káàkiri jọ kílẹ̀ tó ṣú.
4. Èrò rọ́ lọ sí Òkè Ìdànrè nígbà ọdún.
5. Ó lé àwọn adìẹ kúrò nínú ilé ìdáná.
6. Ìyá arúgbó náà ru ẹrù rẹ̀ tìyàtìyà láti ibùdókọ̀ délé.
7. Ó ń wọ́ ẹsẹ̀ nílẹ̀.

Ìdáhùn

1. Our car was towed to Ondo.
2. The child tugged at my sleeve. Pulled at kò burú, ṣùgbọ́n tugged ló gbé ìfà kékeré yẹn jáde.
3. We rounded up all the stray sheep before dark. Bẹ́ ẹ kọ gathered, mo máa fún yín ní máàkì. Bẹ́ ẹ kọ herded, ó kù díẹ̀: wọ́n ní láti kọ́kọ́ wà pa pọ̀.
4. People flocked to Idanre Hills.
5. She drove the chickens out of the kitchen. Chased out náà gbà.
6. The old woman lugged her load home from the bus stop.
7. He is dragging his feet. Ẹ ṣọ́ra fún èyí: ó lè jẹ́ pé ẹsẹ̀ ń dùn ún ní tòótọ́, ó sì lè jẹ́ pé ó ń fi iṣẹ́ falẹ̀ ni. Gbólóhùn tó ṣáájú ló máa sọ èwo ni.